Ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀: ìbéèrè okùnfà nínú ètò ọrọ̀-ajé

Okùnfà ni ohun tó mú ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Bí ìjọba bá gbé ètò ọrọ̀-ajé kan kalẹ̀, bóyá ó fi kún owó iṣẹ́, ó yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, tàbí ó sọ ilé ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ẹni tó bá ní ètò náà ló tún ìlú ṣe, tàbí pé òun ló bà á jẹ́, ti sọ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Èkíní jẹ́ ohun tí ojú rí: ètò bẹ̀rẹ̀, nǹkan sì yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì jẹ́ ohun tí ojú kankan kò rí: pé bí kì í bá ṣe ti ètò náà, nǹkan kì bá tí yí padà bẹ́ẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ kejì yìí ni gbogbo ìyìn àti gbogbo ẹ̀bi dúró lé. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bí ènìyàn ṣe lè mọ òtítọ́ nípa ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Òwe Yorùbá kan gbé ìṣòro náà kalẹ̀ ketekete: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà lágbára nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkàn ènìyàn ṣe ń ronú. Ohun méjì tẹ̀lé ara wọn, ọkàn sì so wọ́n pọ̀ kíá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìlú, igbe tó dún lánàá kì í ṣe ẹyọ kan. Òjò lè dá, iye owó epo rọ̀bì lè já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, ogun lè bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, kí gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí ọdún kan náà tí ètò bẹ̀rẹ̀. Èwo nínú igbe wọ̀nyí ló pa ọmọ? Pé ọ̀kan ṣáájú kò tó láti dá a lẹ́bi.

Ohun tí àwọn onírònú ti sọ

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ju ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lọ. Al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó kú ní 1111, fi iná àti òwú ṣe àpẹẹrẹ. Iná kan òwú, òwú jó. Ó ní ohun tí ojú rí ni pé òwú jó nígbà tí iná kàn án. Ojú kò rí i pé iná ló fi agbára ara rẹ̀ sun ún. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run ló dá jíjó náà, tààrà tàbí nípasẹ̀ àwọn mọ̀láíkà. Ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn rẹ̀, David Hume, onírònú ará Scotland, sọ ohun tó sún mọ́ ọn láìmú Ọlọ́run wọ̀ ọ́. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1748, ó ní ohun tí a ń rí kò ju pé ohun kan máa ń tẹ̀lé òmíràn. Àṣà ọkàn ló sọ títẹ̀lé yẹn di okùnfà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni ó ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà mìíràn, pé okùnfà ni ohun tó jẹ́ pé bí kò bá sí i, èkejì kì bá tí wáyé. Ohùn kejì yìí ni ìmọ̀ òde òní gbé ru.

John Stuart Mill, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀nà hàn ní 1843. Ó ní kí a wá ibi méjì tó jọra nínú ohun gbogbo àyàfi ẹyọ kan. Bí àbájáde bá yàtọ̀, ẹyọ yẹn ni a ó mú. Ìmọ̀ràn yìí dára, ṣùgbọ́n Mill fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìlú méjì kì í jọra tó bẹ́ẹ̀.

Onígbàgbọ́ lè béèrè pé, bí ohun gbogbo bá jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, kí ni ìwúlò irú ìwádìí yìí? Èrò méjèèjì kò tako ara wọn. Al-Ghazali gbà pé Ọlọ́run ní ìṣe tí kì í sábà yí padà, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi ọwọ́ bọ iná. Àgbẹ̀ tó gbà pé Ọlọ́run ló ń mú irúgbìn hù ṣì mọ ebè tí òun da ajílẹ̀ sí, ó sì mọ èyí tó so jù. Ẹni tó wà lẹ́yìn ohun gbogbo jẹ́ ìbéèrè kan. Ohun tó máa ń tẹ̀lé ohun tí ènìyàn bá ṣe jẹ́ ìbéèrè mìíràn. Kí èkíní má baà di ibi ìfarapamọ́ fún olórí tó gbé ètò burúkú kalẹ̀, ó yẹ kí a dáhùn èkejì.

Ìtumọ̀ "ì bá"

Èdè Yorùbá ní ohun èlò tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. "Ó jèrè" jẹ́ ìròyìn; "ì bá jèrè" jẹ́ ìròyìn ayé mìíràn tí kò wáyé. Okùnfà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Jerzy Neyman, oníṣirò ará Poland, kọ́kọ́ fi ìṣirò gbé èrò yìí kalẹ̀ ní 1923 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdánwò irúgbìn nínú oko. Donald Rubin ará Amẹ́ríkà mú un gbòòrò ní 1974.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin oníṣòwò kan tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lẹ́yìn ọdún kan, èrè tó jẹ wà nínú ìwé. Èrè tí ì bá jẹ láìyá owó kò sí nínú ìwé kankan, kò sì ní sí láéláé, nítorí ẹsẹ̀ kan kò lè rin ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Paul Holland pe èyí ní ìṣòro ìpìlẹ̀ okùnfà ní 1986. Kò sí iye owó ìwádìí tó lè mú un kúrò.

Ohun tó kù ni kí a wá aṣojú. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Gbogbo iṣẹ́ àwọn tó ń wá okùnfà ètò ọrọ̀-ajé kò ju kí wọ́n mọ òòbẹ̀ tó jọ àdán tó. Òòbẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù kì í sábà jọ ọ́. Bí a bá fi obìnrin tó yá owó wé èyí tí kò yá, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó yá owó ti lákíkanjú tẹ́lẹ̀, kí ó ní onídùúró, kí ó sì ní ṣọ́ọ̀bù sí ojú ọ̀nà. Ìyàtọ̀ èrè wọn lè jẹ́ ti àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ wé ara rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ọjà lè ti yí padà fún gbogbo ènìyàn.

Kèké

Ọ̀nà tó mọ́ jù láti rí òòbẹ̀ tó jọ àdán ni kí a ṣẹ́ kèké. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ènìyàn ti ń fi kèké pín ohun tí wọn kò fẹ́ kí ojúsàájú wọ̀. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe níbí. Bí kèké bá pín abúlé sí ọ̀nà méjì, kò mọ abúlé ọlọ́rọ̀, kò mọ abúlé aláápọn, kò sì mọ èyí tí ọmọ rẹ̀ wà nípò. Bí abúlé bá pọ̀ tó, ọ̀nà méjèèjì yóò jọra, àti nínú ohun tí a lè kà àti nínú ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ìyàtọ̀ tó bá yọ lẹ́yìn náà, ètò ló ni ín, àyàfi èyí tí orí bá ṣe, oníṣirò sì mọ bí a ti ń wọn ìyẹn.

Mẹ́síkò ṣe èyí pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní Progresa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ètò náà ń fún àwọn ìyá tálákà ní ìgbèríko lówó, bí ọmọ wọn bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ìdílé sì ń lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Owó kò lè tó gbogbo abúlé lọ́jọ́ kan. Nínú 506 abúlé tí wọ́n yàn fún ìwádìí, kèké mú 320 láti kọ́kọ́ gbà á, 186 sì dúró di ìgbà tó yá. Àwọn 186 yìí ni wọ́n fi rí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Iye ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i ní abúlé tó gba owó ju ti àwọn tó ń dúró lọ, pàápàá láàárín àwọn ọmọbìnrin tó ń kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí girama. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn gba ìjọba ní 2000, wọn kò fagi lé ètò náà bí ìjọba tuntun ti máa ń ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n yí padà ní 2002, ètò sì bá a lọ nígbà náà. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ wà lára ohun tó dáàbò bò ó.

Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti Michael Kremer gba ẹ̀bùn Nobel ti ọrọ̀-ajé ní 2019 nítorí pé wọ́n sọ irú ìdánwò yìí di ohun tó wọ́pọ̀ nínú ìwádìí lórí òṣì.

Ìgbà tí ayé bá dá ìpín ṣe fúnra rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ètò ni kò ṣeé ṣẹ́ kèké fún. Kò sí ìjọba tó máa ṣẹ́ kèké láti mọ ìlú tí yóò fọ́ báńkì rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìṣẹ̀lẹ̀ ayé máa ń pín àwọn ènìyàn lọ́nà tó sún mọ́ ti kèké. Dókítà John Snow lo irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1854, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń pa ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ omi méjì ló ń pín omi fún àdúgbò kan náà, àní láàárín ilé tó fara kan ara. Ní 1852, ọ̀kan nínú wọn, Lambeth, ti gbé ibi tó ti ń fa omi lọ sí òkè odò Thames, níbi tí ẹ̀gbin ìlú kò tíì dà sí. Èkejì, Southwark and Vauxhall, ṣì ń fa omi ẹlẹ́gbin. Nínú 40,046 ilé tó ń lo omi Southwark and Vauxhall, 1,263 ènìyàn kú. Nínú 26,107 ilé tó ń lo ti Lambeth, 98 ló kú. Olówó àti tálákà wà ní ìhà méjèèjì, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń mí. Omi nìkan ló yà wọ́n.

Nínú ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni ti David Card àti Alan Krueger. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1992, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ láti dọ́là 4.25 sí 5.05 fún wákàtí kan. Pennsylvania tó múlé gbè é kò yí tirẹ̀ padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọrọ̀-ajé gbàgbọ́ nígbà náà ni pé bí owó iṣẹ́ bá wọ́n sí i, agbanisíṣẹ́ yóò dín òṣìṣẹ́ kù. Àwọn méjèèjì wádìí 410 ilé oúnjẹ kíákíá ní ìhà méjèèjì, ṣáájú ìyípadà náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ka òṣìṣẹ́ aláàbọ̀ ọjọ́ méjì sí ẹyọ kan. Ní New Jersey, ìpíndọ́gba òṣìṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan lọ láti 20.44 sí 21.03. Ní Pennsylvania, ó wálẹ̀ láti 23.33 sí 21.17.

Ìṣirò náà kò le. New Jersey fi 0.59 lé, Pennsylvania pàdánù 2.16. Bí New Jersey ì bá ti rìn bí aládùúgbò rẹ̀, òun náà ì bá pàdánù nǹkan bí 2.16, nítorí náà ìyàtọ̀ inú ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí 2.75 òṣìṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Lójú tiwọn, owó iṣẹ́ tó gòkè kò lé òṣìṣẹ́ lọ. Nígbà tí ìwádìí náà jáde ní 1994, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. David Neumark àti William Wascher lo àkọsílẹ̀ owó oṣù láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé oúnjẹ, wọ́n sì rí òdìkejì. Card àti Krueger padà lo àkọsílẹ̀ ìjọba ní 2000, wọ́n ní àwọn kò rí i pé iṣẹ́ dín kù lọ́nà tó ṣe gúnmọ́. Ibi tí ìjà náà wà gan-an ni ọ̀rọ̀ kékeré kan, "bí aládùúgbò rẹ̀". Kò sí ẹni tó lè rí i pé àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì ì bá jọ rìn. Ìgbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí a sọ síta, tí ẹlòmíràn sì lè yẹ̀ wò. Card gba ìdajì ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Joshua Angrist àti Guido Imbens pín ìdajì kejì. Krueger ti kú ní 2019.

Irú ọ̀nà mìíràn ni ti ààlà. Ọmọ tó gba máàkì kan ju ààlà ìdánwò lọ àti èyí tí máàkì kan já sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nínú òye, síbẹ̀ ọ̀kan gba ẹ̀bùn, èkejì kò gbà. Donald Thistlethwaite àti Donald Campbell lo ìmọ̀ yìí ní 1960 láti wo ohun tí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ń ṣe nínú ìgbésí ayé ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà

Ìtàn Nàìjíríà náà ti dá irú ìpín bẹ́ẹ̀ ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 ní 1955. Àlékún náà kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà ṣe sí ayé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yóò bá ìṣòro àtijọ́ pàdé: òbí tó tètè rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò rí bákan náà pẹ̀lú òbí tí kò rán an, ọdún 1955 sì jẹ́ ìgbà tí kòkó ń mówó wọlé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé gbogbo Nàìjíríà. Nítorí pé Ìwọ̀ Oòrùn ti ní in ṣáájú, ìyípadà tó dé ibẹ̀ kéré. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ kò pọ̀ sí, tí ìjọba àpapọ̀ sì náwó jù lé lórí, ìyípadà náà tóbi. Una Osili àti Bridget Terry Long lo ìyàtọ̀ yìí nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n fi àwọn obìnrin tó kéré tó láti jàǹfààní ètò náà wé àwọn tó ti dàgbà kọjá rẹ̀, wọ́n sì tún fi ìpínlẹ̀ wé ìpínlẹ̀. Wọ́n rí i pé ọdún ẹ̀kọ́ kan tó lé sí i dín iye ọmọ tí obìnrin bí kí ó tó pé ọmọ ọdún 25 kù ní nǹkan bí 0.26, ìyẹn ni pé bí obìnrin mẹ́rin bá fi ọdún kọ̀ọ̀kan kún ẹ̀kọ́ wọn, ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ orí yẹn yóò fi nǹkan bí ẹyọ kan dín. Níbí, ohun tí Ìwọ̀ Oòrùn ti ṣe ní ọdún mọ́kànlélógún ṣáájú ló di òòbẹ̀ tó jẹ́ kí ìyókù orílẹ̀-èdè mọ ohun tí ètò 1976 fà.

Ibi tí kò ti sí ẹni tí a lè fi wé

Ètò tó bá kan gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan náà ló le jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan kúrò ní ohun tí kò tó igba náírà, ó tó nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ní àárín oṣù kẹfà, wọ́n jẹ́ kí ọjà pinnu iye náírà sí dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ọ̀wọ́n owó náírà tuntun ti ba ọjà jẹ́. Ìyà tó tẹ̀lé e hàn sí gbogbo ojú. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a pín in, kí a sọ èyí tó jẹ́ ti epo, èyí tó jẹ́ ti náírà àti èyí tó ti wà ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí Nàìjíríà kejì tí a lè wò.

Ọ̀nà kan tí àwọn oníwádìí ń gbà ni kí wọ́n to òòbẹ̀ náà fúnra wọn. Ní 1988, àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí òfin tó fi owó orí sẹ́ǹtì 25 kún páálí sìgá kan. Alberto Abadie, Alexis Diamond àti Jens Hainmueller kò rí ìpínlẹ̀ kan tó jọ California. Wọ́n wá mú Utah, Nevada, Montana, Colorado àti Connecticut, wọ́n pò wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n tó jẹ́ kí àpòpọ̀ náà rìn bí California fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin tó dé. Ìwádìí wọn ti 2010 fi hàn pé nígbà tó fi máa di ọdún 2000, páálí sìgá tí wọ́n ń tà fún ẹni kọ̀ọ̀kan lọ́dún ti fi nǹkan bí 26 dín sí ohun tí ì bá jẹ́. Bí ọ̀nà yìí ti dára tó, ó nílò ìpínlẹ̀ tó pọ̀, àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé kí ohun ńlá mìíràn má ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà.

Ibi tí ìmọ̀ náà dé

Ìdáhùn tó tọ̀nà ní ibì kan kò di òfin fún gbogbo ibi. Nancy Cartwright, onírònú lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti Angus Deaton tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, tẹnu mọ́ ọn nínú àròkọ kan ní 2018 pé kèké ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ nìkan. Owó Progresa bá ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tó ṣí nílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé owó kan náà lọ sí abúlé tí kò ní tíṣà, kíláàsì òfìfo ni ọmọ yóò lọ jókòó sí. Kí ètò tó ṣí kúrò ní ibì kan dé òmíràn, ó yẹ kí a mọ àwọn ohun tó ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ìpíndọ́gba náà máa ń bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ètò tó ṣe ọgọ́rùn-ún ènìyàn lóore lè pa mẹ́wàá lára, kí iye tó jáde sì dùn ún gbọ́. Ìyàtọ̀ tí a wọ̀n jẹ́ ti agbo. Ti ẹni kọ̀ọ̀kan ṣì pamọ́ sínú "ì bá" tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tún wà níbẹ̀. Ṣé ó dára kí a ṣẹ́ kèké lórí ohun tí ebi ń pa ènìyàn fún? Bí ohun tó wà kò bá tó gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ̀ bóyá yóò ṣe wọ́n lóore, kèké dára ju kí a fún ẹni tó mọ ẹnìkan lọ. Bí a bá ti mọ̀ pé ohun náà ń gba ẹ̀mí là, tí ó sì tó gbogbo ènìyàn, kò sí ìmọ̀ tó tó ìdí láti dù wọ́n. Àwọn tí ìdánwò kàn sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ìdánwò ni.

Ní ìparí, okùnfà kò sọ ohun tó yẹ. Ó lè sọ iye tí owó orí kan mú wọlé àti ẹni tó san án. Kò lè sọ bóyá ó tọ́ kí onítọ̀hún san án. Ìyẹn ṣì jẹ́ ti ẹ̀rí ọkàn, ti ẹ̀sìn àti ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí kò mọ ohun tó fa ohun tí wọ́n ń jà lé lórí yóò dá ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá dìde pé ètò kan gba ìlú là tàbí pé ó pa á run, ìjọba ni o, alátakò ni o, jẹ aráàlú ní gbèsè ìdáhùn méjì: kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí ètò náà kò bá sí, báwo ló sì ṣe mọ̀? Títí yóò fi san gbèsè náà, igbe àjẹ́ àná nìkan ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.